Dókítà Africanus Horton: Oníṣègùn Tí Ìjọba Kò Fẹ́ Kí Ó Ní Arọ́pò

Lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn Freetown, olú-ìlú ilẹ̀ Sàró, ni abúlé Gloucester wà. Àwọn ènìyàn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun ni ìjọba kó lọ tẹ̀ dó síbẹ̀. Káfíńtà kan wà láàrin wọn tí ó ń jẹ́ James Horton. Ọmọ Ìgbò ni òun àti ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì ni a sì ti já gbà kúrò nínú ìdè ẹrú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1835 ni wọ́n bí ọmọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi abúlé orí òkè yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sí òkè náà kí ọ̀rọ̀ wa tó tán.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wọ́n sì mọ ti Herbert Macaulay. Ṣàṣà ni ẹni tí yóò dárúkọ Horton mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ tí ilé ìwòsàn fi pọ̀ ní ibì kan tí ó sì ṣọ̀wọ́n ní ibòmíràn, àti ìdí rẹ̀ tí dókítà aláwọ̀ dúdú fi pẹ́ kí ó tó pọ̀ ní ilẹ̀ wa, kò lè ṣe kí ó má kọ́kọ́ ka ìtàn ọkùnrin yìí.

Ní Freetown ìgbà náà, oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó pàdé. Àwọn Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Akú, nítorí ìkíni wa tí kì í kúrò lẹ́nu. Àwọn Ìgbò náà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé láti ìwáṣẹ̀ ni Ìgbò àti Yorùbá ti ń bá ara wọn díje, kí ó wo ilé-ìwé gíga ti CMS tí a dá sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1845, níbi tí ọmọ Akú àti ọmọ Ìgbò ti ń jókòó lórí àga kan náà, tí olùkọ́ kan náà sì ń bá wọn wí. Àlùfáà James Beale ni ó ṣàkíyèsí ọgbọ́n orí ọmọ káfíńtà náà, tí ó sì mú un wọ ilé-ìwé yìí. Horton kò gbàgbé oore náà. Ó fi orúkọ Beale kún orúkọ tirẹ̀ títí ó fi kú. Ní 1853 ó bọ́ sí Fourah Bay láti kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, bí ohun gbogbo bá sì lọ bí a ti là á sílẹ̀, orí àga ìwàásù ni ì bá ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ikú ni ó yí ọ̀nà náà padà, ikú àwọn ọmọ ogun òyìnbó. Ní ìgbà náà, bí a bá rán ọmọ ogun tàbí dókítà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí ẹni pé a rán an lọ sí isà òkú ni. Ibà ń pa wọ́n bí ẹni ń pa ẹyẹ. Lóòótọ́, ní 1854 Dókítà Baikie gun odò Ọya nínú ọkọ̀ Pleiad, Crowther sì wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo wọn ń mu kuiníìnì lójoojúmọ́, ibà kò sì pa ẹnì kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ogun ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń wá ọ̀nà mìíràn kí ìròyìn yìí tó tàn kálẹ̀. Wọ́n rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ni a kọ́ ní iṣẹ́ ìṣègùn, ìwọ̀nba òyìnbó ni yóò máa kú. Wọ́n kọ̀wé sí Henry Venn, akọ̀wé ìjọ CMS, pé kí ó bá wọn yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ.

Ẹ kíyè sí i pé ìfẹ́ ará Áfíríkà kọ́ ni ó bí ètò náà. Owó ọba àti ẹ̀mí ọmọ ogun ọba ni wọ́n fẹ́ tọ́jú. A sọ èyí nítorí pé ohun tí a dá sílẹ̀ fún àǹfààní ẹlòmíràn, nígbà tí ẹni náà bá wí pé òun kò fẹ́ mọ́, àtipa ni.

Àwọn mẹ́ta ni a yàn ní 1855: Horton, William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Akú, èyíinì ni Yorùbá bíi tiwa, àti Samuel Campbell. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ba Campbell jà, ó ṣàìsàn, ó padà sílé, ó sì kú. Àwọn méjì tí ó kù tẹ̀ síwájú ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1858 àwọn méjèèjì gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́-abẹ. Davies lọ gba oyè dókítà ní St Andrews, Horton sì lọ sí Edinburgh, níbi tí ó ti gba tirẹ̀ ní 1859. Ìwé tí ó kọ fún oyè náà dá lórí ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti àrùn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní iwájú ìwé yìí ni ó ti fi orúkọ titun kan kún orúkọ rẹ̀, Africanus, ọmọ Áfíríkà. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Ó ti rí bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń wo awọ ara rẹ̀, ó sì pinnu pé ohun tí wọ́n ń wò gẹ́gẹ́ bí àbùkù ni òun yóò kọ sí iwájú ìwé òun kí gbogbo ayé kà á.

Ní ọdún 1859 kan náà ni a fi òun àti Davies ṣe dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ipò ọ̀gá ni ipò náà, ó ní aṣọ àti àṣẹ tirẹ̀. A rán Horton lọ sí Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ yẹ fún àpèjúwe díẹ̀. Ní 1852 àwọn ọba àti ìjòyè etíkun náà ti péjọ ní Cape Coast, wọ́n sì ti gbà pé kí gbogbo ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, máa san ṣílè kan lọ́dún fún ìjọba, kí ìjọba lè fi owó náà ṣe ilé-ìwé, ọ̀nà àti ìtọ́jú aláìsàn. Àdéhùn dídára ni. Ní ọdún kìíní owó tí ó wọlé ju £7,000 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ni ó bá owó oṣù àwọn tí ń gbà á lọ. Àwọn tí wọ́n ń san owó kò rí ilé ìwòsàn, wọn kò rí dókítà, wọn kò sì rí ọ̀nà. Ọdọọdún ni owó náà ń dínkù, nítorí pé àwọn ènìyàn kọ̀ láti san án, nígbà tí ó sì ku díẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá pé, ètò náà ti wó. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ará Áfíríkà kì í fẹ́ san owó orí. Kí wọn ka ìtàn owó orí Gold Coast dáadáa, wọn yóò rí i pé a kọ́kọ́ san án.

Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Horton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Odi àwọn ọmọ ogun ní dókítà. Ìlú tí ó yí odi náà ká kò ní. Ṣùgbọ́n ìpọ́njú tirẹ̀ láàrin odi gan-an ni ó kọ́kọ́ dé. Àwọn dókítà òyìnbó tí wọ́n wà níbẹ̀ kò lè gbà á pé kí aláwọ̀ dúdú wọ irú aṣọ tí àwọn wọ̀, kí ó sì jókòó ti àwọn nídìí tábìlì. Ẹ̀rù tí ó tún wà lọ́kàn wọn ni pé bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òfin ipò àgbà nínú iṣẹ́ ogun yóò sọ ọ́ di ọ̀gá lórí àwọn òyìnbó tí wọ́n bá dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní àwọn aláìsàn òyìnbó kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú irú dókítà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ogun kò lé Horton àti Davies kúrò, nítorí pé wọn kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju lílé lọ: wọ́n pinnu pé àwọn kò ní kọ́ ará Áfíríkà mìíràn mọ́. Àwọn méjì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọn máa ṣe é lọ. Nígbà tí wọ́n bá sì lọ, kí ilẹ̀kùn tì.

Horton kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti rí báyìí nígbà tí ó kọ ìwé tirẹ̀ ní 1861. Nínú ìwé náà ó là ètò sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ogun. Ó ní kí wọn dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Freetown. Kí àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé láti etíkun wa gbogbo wá síbẹ̀, kí wọn kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣègùn, kí wọn sì mọ àwọn àrùn ilẹ̀ wa níbi tí àwọn àrùn náà wà, kí a tó rán àwọn tí ó bá yege lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni ó jẹ́ nígbà náà. Àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé náà, wọ́n kà á, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ padà sí etíkun láti béèrè ìmọ̀ràn. Lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti béèrè? Lọ́wọ́ àwọn dókítà òyìnbó tí wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn wọ̀nyẹn. Òǹkàwé lè fúnra rẹ̀ mọ ìdáhùn tí wọ́n fọ̀. Ìwé Horton wọ inú àpótí, kò sì jáde mọ́.

A máa ń rò ó pé ọ̀tá ìlera gbogbo ènìyàn ni àìlówó. Owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ipò ni wọ́n ń dù. Àwọn mélòó kan tí ó ń bẹ̀rù pé àwọn yóò ní ọ̀gá aláwọ̀ dúdú ni a fi ṣe adájọ́ lórí bóyá kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní dókítà tàbí kí wọn má ní.

Horton bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 1863 sí 1864, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun lọ sí etí odò Pra láti dojú kọ àwọn Àṣáńtì, ó wà lára àwọn dókítà tí ń tọ́jú wọn. Ogun kò jà ní ti gidi. Òjò, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ni ó jà. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti West Indies ni àìsàn ti pọ̀ jù. Ohun tí ó rí ní àgọ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Gáḿbíà àti ní Sàró, ibi gbogbo tí ó bá sì dé ni ó ti ń wọn òjò, tí ń wo afẹ́fẹ́, tí ń yẹ erùpẹ̀ àti omi ìlú wò, tí ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1867 ni ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ojú ọjọ́ àti àrùn etíkun yìí. Ní 1868 ó kọ ìwé lórí sòbìà. Ní 1874 èyí tí ó dá lórí àrùn ilẹ̀ olóoru àti ìtọ́jú wọn tẹ̀ lé e. A kò ní purọ́ fún òǹkàwé: Horton ṣi ìdí ibà mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo dókítà ìgbà ayé rẹ̀, ó gbà pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú àbàtà àti ilẹ̀ tí ó ń jẹrà ni ó ń fa ibà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, Horton sì ti kú nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ ṣi ìdí rẹ̀ mọ̀, ìmọ̀ràn tí ó gbà ìjọba kò ṣìnà. Ó ní kí wọn fa omi àbàtà gbẹ. Kí wọn la gọ́tà, kí wọn kó pàǹtírí kúrò láàrin ìlú, kí wọn wá omi tí ó mọ́ fún gbogbo ènìyàn mu, kí wọn má ṣe kọ́ ilé mọ́ ara wọn bí ẹyin nínú agbọ̀n, kí ẹni tí ó bá lè ṣe é kọ́ ilé rẹ̀ sí orí òkè tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó wọ inú ìlú kọ̀ọ̀kan lọ, ó sọ ibi tí ẹ̀gbin wà níbẹ̀, ó sì dá ìjọba lẹ́bi lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó sì sùn dáadáa lóru.

Ìwé rẹ̀ mìíràn tí ó jáde ní 1868 ni ó sọ ọ́ di ẹni tí àwa tí a fẹ́ràn ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní 1865 ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti dábàá pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì múra àwọn ará etíkun sílẹ̀ láti máa ṣàkóso ara wọn, kí òun lè fi wọ́n sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, àfi bóyá Sàró. Ní àkókò kan náà, àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ̀wé pé ọpọlọ adúláwọ̀ kò tó ti òyìnbó. Horton dá àwọn méjèèjì lóhùn nínú ìwé kan. Ó fi ìmọ̀ ara ènìyàn tí wọ́n kọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh tú irọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà palẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó mú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ irú ìjọba tí ó yẹ ẹ́: Sàró, Gáḿbíà, àwọn Fáǹtì, Ákrà, Èkó pẹ̀lú ilẹ̀ àwọn Akú lẹ́yìn rẹ̀, àti ilẹ̀ àwọn Ìgbò. Ohun tí ó kọ nípa ilẹ̀ baba rẹ̀ kún fún ìfẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Freetown ni wọ́n ti bí i sí ìtòsí. Ó kọ nípa wa náà láìfi ojú tín-ínrín wò wá.

Nígbà tí àwọn ọba Fáǹtì dá ìṣọ̀kan wọn sílẹ̀ ní Mankessim ní 1868, Horton jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí inú wọn dùn jù. Ó tẹ àwọn lẹ́tà tí ó kọ lórí ọ̀ràn Gold Coast jáde ní 1870. Ní 1871 àwọn Fáǹtì kọ òfin ìjọba tiwọn, wọ́n sì pinnu nínú rẹ̀ láti ṣe ọ̀nà àti ilé-ìwé. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ mú àwọn aṣáájú wọn, wọ́n sì jù wọ́n sí àtìmọ́lé fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́ tí ìṣọ̀kan náà fi tú ká. Ní 1874 Gold Coast di ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá.

Àwọn kan ń dá Horton lẹ́bi pé ó gbẹ́kẹ̀lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jù, pé aṣọ ọba ni ó wọ̀ nígbà tí ọmọ ogun ọba lọ gbógun ti Àṣáńtì ní 1873 sí 1874. A kò lè sọ pé irọ́ ni. Láti inú ìwé rẹ̀ a rí i pé ó gbà pé ọ̀làjú kan ṣoṣo ni ó wà ní ayé, pé láti Yúróòpù ni yóò sì ti wá. Àwa tí a ti rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí kò lè bá a gba gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn òbí rẹ̀ lóko ẹrú, tí owó Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe dókítà, kò ní ṣàìrò pé ẹni tí ó ṣe oore lẹ́ẹ̀kan yóò tún ṣe é.

Ipò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ogun ń gòkè bí ọdún ti ń lọ, gan-an gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti bẹ̀rù. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 1880 lẹ́yìn ogún ọdún, ó ti di àgbà nínú àwọn dókítà ọmọ ogun. Ó padà sí Freetown, ó kọ́ ilé ńlá, ó sì kọjú sí òwò. Ó ti gba ilẹ̀ ìwakùsà wúrà ní Wassa. Ní 1883 ó dá báńkì kan sílẹ̀, kí àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ lè rí owó yá. Ní ọjọ́ karùndínlógún oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó kú, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Báńkì náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ ó fi ọ̀pọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹjọ́ ogún bẹ́ sílẹ̀, ilé-ìwé tí ó lá àlá rẹ̀ kò sì dìde. Ohun tí ìjọba kọ̀ láti ṣe ní 1861, àwọn ẹbí náà kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi owó bàbá wọn tàbí owó ìyá wọn kọ́ ìṣègùn ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Ní Èkó a ní Dókítà Obadiah Johnson, tí ó tún ìwé ìtàn Yorùbá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ nígbà tí èyí àkọ́kọ́ sọnù, a sì ní Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sapara. Ní Gold Coast, John Farrell Easmon, ọmọ Sàró, di olórí gbogbo dókítà ìjọba ní 1893. Àwọn òyìnbó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fún un ní ìsinmi títí ó fi kúrò ní 1897. Ní 1902 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ àwọn dókítà gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ó sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ náà pé ọmọ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Dókítà aláwọ̀ dúdú, ibi yòówù kí ó ti gba ìwé ẹ̀rí, di ẹni ẹ̀yìn ilé, owó oṣù rẹ̀ kéré, ẹni tí ó kéré jù nínú àwọn òyìnbó sì ni ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà Cape Coast fi ìwé ẹ̀sùn béèrè ní ogójì ọdún ṣáájú ti di òfin.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1904, ìjọba kọ́ ibùgbé titun sí orí òkè lẹ́yìn Freetown. Hill Station ni wọ́n pè é. Wọ́n gbé àwọn ilé sókè lórí òpó, wọ́n ṣe ọ̀nà rélùwéè kékeré gun òkè náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè máa sọ̀kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ kí wọn sì gòkè padà ní ìrọ̀lẹ́, jìnnà sí ẹ̀fọn àti ibà ìlú. Òyìnbó nìkan ni ó lè gbé níbẹ̀. Ní orí òkè kan náà ni abúlé Gloucester wà, níbi tí a ti bí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1867 pé afẹ́fẹ́ orí òkè dára fún ìlera gbogbo ènìyàn.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ní 1930 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní Yábàá. Àwọn tí wọ́n jáde níbẹ̀ kò gba ìwé ẹ̀rí tí ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè wọ́n. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú Yunifásítì, ilé ìwòsàn ńlá UCH sì ṣílẹ̀kùn ní 1957. Freetown, tí Horton dárúkọ nínú ìwé rẹ̀, kò rí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀ títí di ọdún 1988.